"Orin tọkọtaya" kọ́ ni duet: mo dábàá "orin aláwẹ́ méjì"

Ẹ̀gbọ́n wa kan ń kọ àlàyé ní Yorùbá lórí We're Gonna Hold On, àwo orin kọ́ńtírì (country, irú orin kan tó ti ìgbèríko Amẹ́ríkà wá) tí George Jones àti Tammy Wynette ìyàwó rẹ̀ jọ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1973. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa dé ibi ọ̀rọ̀ náà duet, ìyẹn orin tí akọrin méjì jọ fi ẹnu gbé jáde, wọ́n kọ "orin tọkọtaya" sílẹ̀, wọ́n sì ní kí gbogbo wa gbà á gẹ́gẹ́ bí orúkọ irú orin bẹ́ẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ. Ó dùn létí. Mo mọ ohun tó mú un wù wọ́n: ọkọ ni George, aya ni Tammy, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ilé sì ni wọ́n ń fi ṣe orin. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, n kò lè gbà á wọlé.

Ẹni tó kọrin ni ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ, kò sọ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ọdún 1969 ni àwọn méjèèjì ṣègbéyàwó. We Go Together, àwo àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ ṣe, jáde ní 1971. Wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀ ní 1975. Ọdún tó tẹ̀lé e gan-an ni wọ́n tún jọ gbé Golden Ring jáde, orin tí wọ́n fi sọ àwo náà lórúkọ sì gun òkè àtẹ orin kọ́ńtírì dé ipò kìíní. Ìtàn òrùka ni. Tọkọtaya kan rà á ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gba ohun ìdógò, wọ́n fi ṣègbéyàwó, ìjà wọlé dé, òrùka sì padà sí ṣọ́ọ̀bù tó ti wá. Ilé àwọn tó ń kọ ọ́ ti tú ká, ohùn wọn kò tú ká. Kí la ó wá pe ìyẹn? Orin tọkọtaya àná? Ní 1995 wọ́n tún jọ ṣe àwo kan sí i, oníkálukú wọn sì ti wà pẹ̀lú ẹlòmíràn nígbà náà.

Ẹ wo Johnny Cash àti June Carter náà, olórin kọ́ńtírì bíi tiwọn. Ọdún 1967 ni wọ́n gbé àwo àjùmọ̀ṣe wọn jáde, oṣù kẹta ọdún 1968 ni wọ́n tó di ọkọ àti aya. Orin "Jackson" tó wà nínú àwo yẹn, ẹnu ọkọ àti ìyàwó tó ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ wọn kò tíì fẹ́ra. Ẹ jẹ́ ká bọ̀ sílé wàyí. Táyé àti Kẹ́hìndé Lijadu, àwọn ìbejì tó ṣe àwo Danger ní 1976, ohùn méjì náà ni wọ́n fi ń kọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Bí "orin tọkọtaya" bá wọ ìwé atúmọ̀ èdè wa, orúkọ wo la fẹ́ fún tiwọn?

Àwọn mìíràn ti mú àbá tiwọn wá. Ẹnìkan ní kí a pè é ní "lílé àti ègbè". Rárá o. Ẹni tó ń lé ni olórí orin, ẹni tó ń gbè ń tẹ̀lé e ni. Tammy kò gbe orin fún George, George kò sì gbè fún Tammy. Nínú irú orin yìí, ọ̀kan lè mú ẹsẹ kan, kí èkejì mú èyí tó kàn, kí wọ́n wá pàdé níbi tí orin ti ń padà sórí ara rẹ̀. Kò sí ọ̀gá, kò sí ọmọ ẹ̀yìn.

"Orin àjọkọ" ni àbá kejì, òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi. Àmọ́ "kọ" yìí ń tàn wá. Ẹni tó hun orin lọ́kàn kọ orin, ẹni tó fi ẹnu gbé e jáde náà kọ orin. Orin We're Gonna Hold On tí wọ́n fi sọ àwo tí à ń sọ yìí lórúkọ, George àti Earl Montgomery ló jọ hun ọ̀rọ̀ àti ohùn rẹ̀. Tí mo bá wá kọ ọ́ pé "orin àjọkọ" ni, ẹni tó mọ ìtàn rẹ̀ á rò pé George àti Earl ni mò ń wí. Tammy á sì nù sínú ọ̀rọ̀ náà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ogójì ènìyàn nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì náà ń jọ kọrin ni.

"Orin olóhùn méjì" ńkọ́? Ìtumọ̀ rẹ̀ súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún. Àwa tí a ń pe òpùrọ́ ní ẹlẹ́nu méjì, ojú wo la ó fi wo olóhùn méjì? Èmi kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tuntun máa bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má ṣe rò ó síbi.

Ohun tí mo mú wá rèé: orin aláwẹ́ méjì. Ẹ mú obì gbàǹja kan sọ́wọ́. Kí ẹ tó là á, ẹyọ kan ni lójú. Ẹ là á, awẹ́ méjì ló wà níbẹ̀. Wọ́n dọ́gba, wọ́n bára mu, kò sí èyí tó jẹ́ ìrànṣẹ́ èkejì. Bí orin George àti Tammy ṣe rí gan-an nìyẹn. "Oní" pàdé "awẹ́", ó di "aláwẹ́", gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ lójoojúmọ́. Awẹ́ kì í sì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́: àwọn onímọ̀ gírámà wa ti ń lo "awẹ́ gbólóhùn" tipẹ́, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní sẹ́kọ́ńdírì ló mọ̀ ọ́n. Bí akọrin bá pé mẹ́ta, ó di orin aláwẹ́ mẹ́ta; bí wọ́n bá pé mẹ́rin, obì àbàtà ti wà nílẹ̀ tó jọ ọ́. Bí ó bá sì wu ẹ̀gbọ́n wa láti jẹ́ kí a mọ̀ pé ọkọ àti aya ni akọrin, kí wọ́n kọ ọ́ báyìí: "àwo orin aláwẹ́ méjì láti ọwọ́ tọkọtaya kan". Ìgbéyàwó wà láyè tirẹ̀, orin wà láyè tirẹ̀.

Mo ti gbọ́ ohun tí ìyá kan sọ nígbà tí mo kọ́kọ́ dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Wọ́n ní lílà ni wọ́n ń là obì, pé àfiwé pípínyà kò yẹ tọkọtaya. Mo rò ó títí. Ìyá mi, obì náà la fi ń bẹ̀rẹ̀ ìdána, ẹnikẹ́ni kò sì gbójú sá fún un nítorí pé ó ní awẹ́. Kí gbàǹja má ṣe jẹ́ obì tí wọ́n ń dà níwájú òrìṣà kò ba nǹkan kan jẹ́ pẹ̀lú. Obì àlejò ni, orin ni à ń sọ.

Ìdí kan wà tí mo rò pé a kò fi ní ọ̀rọ̀ fún nǹkan yìí tẹ́lẹ̀, ó sì wà nínú èdè wa fúnra rẹ̀. Nínú orin Gẹ̀ẹ́sì, ohùn kan lè máa gòkè kí èkejì máa sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ìtumọ̀ kò ní yí. Kí a wá fi "ọkọ mi" dán an wò. Bí ohùn kan bá gòkè níbi "kọ", ọkọ́ ìroko ló ń pè. Bí èkejì bá sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ ló ń wà. Obìnrin tó ń ké sí ọkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Nítorí náà ni ohùn méjì àwọn Lijadu fi máa ń rìn pọ̀ bí ẹni tó di ara wọn lọ́wọ́ mú nígbà tí wọ́n bá ń kọ Yorùbá. Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ orin kọ́ńtírì aláwẹ́ méjì sí Yorùbá kí ó lè ṣe é kọ, ibẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ wà.

Ọ̀rọ̀ kọ́ńtírì fúnra rẹ̀, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. "Orin orílẹ̀-èdè" tí ẹnìkan fi túmọ̀ rẹ̀ kò ṣeé lò, orin tí a ń dìde dúró kọ ní ilé ìwé ni. "Orin ará oko" jẹ́ èébú; irú èébú bẹ́ẹ̀ náà ni "hillbilly" tí àwọn oníṣòwò ń pè é ní Amẹ́ríkà kó tó di pé ìwé ìròyìn Billboard gbé "Country & Western" sórí àtẹ rẹ̀ ní 1949. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ kọ́ńtírì. Àwọn bàbá wa tó fẹ́ràn Jim Reeves kò wá orúkọ mìíràn fún un.

Orúkọ àwo méjì nínú àlàyé ẹ̀gbọ́n wa ló kù tó ń dùn mí. Wọ́n túmọ̀ We're Gonna Hold On sí "A Máa Dúró", bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Bí ẹni tí okùn wà lọ́wọ́ wọn ni àwọn méjèèjì rí, wọ́n ní àwọn kò ní jẹ́ kó já: "A Ò Ní Jẹ́ Kó Já". Me and the First Lady ti 1972, wọ́n pè é ní "Èmi àti Ìyáálé". Ìyàwó kẹta tí George fẹ́ ni Tammy, kò lè jẹ́ ìyáálé lọ́nàkọnà. "First Lady" ibẹ̀ jẹ́ oyè tí wọ́n fi ń pè é láàárín àwọn olórin kọ́ńtírì, oyè obìnrin tó ṣíwájú gbogbo obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. A ní oyè yẹn nílẹ̀ Yorùbá. Mo bẹ̀ yín, ẹ kọ ọ́ pé "Èmi àti Ìyálóde".

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi sílẹ̀ fún yín. Nínú obì àbàtà, awẹ́ kan jẹ́ akọ, òmíràn jẹ́ abo. Ṣé a lè pe ipa George ní akọ awẹ́, kí a sì pe ti Tammy ní abo awẹ́, àbí orúkọ mìíràn wà tí àwọn Lijadu náà á lè bá wa lò?