Nọ́ńbà mẹ́fà tí wọ́n ní kí ẹ kà: WhatsApp, ímeèlì àti síìmù Nàìjíríà fún àwa tó wà lókè òkun

Ìyá Ìbejì, Peckham

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá. Tí ẹni tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ àjọ bá pe èèyàn lórí WhatsApp, tó ní ìpàdé Zoom ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí á ka nọ́ńbà mẹ́fà tó máa wọlé sórí fóònù wa fún òun kí òun lè kọ orúkọ wa sílẹ̀, kí ni nọ́ńbà yẹn wà fún gan-an? Fọ́tò rẹ̀ ni, orúkọ rẹ̀ ni. Tí èèyàn bá sì ti kà á ńkọ́, kí ló kù tó lè ṣe?

Atúnfóònùṣe, Manchester

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mọ̀mí. Ẹ má kà á fún un o. Nọ́ńbà yẹn kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú Zoom, kọ́kọ́rọ́ WhatsApp yín ni. Gbájúẹ̀ náà ti fi WhatsApp sórí fóònù tirẹ̀, ó ti tẹ nọ́ńbà yín síbẹ̀ bí ẹni pé tirẹ̀ ni. WhatsApp wá fi kóòdù ránṣẹ́ sórí síìmù yín kó lè dá olóhun mọ̀. Kóòdù yẹn nìkan ló kù tí kò tíì rí, ìyẹn ló jẹ́ kó máa kánjú yín.

Ti fọ́tò ọmọ ẹgbẹ́ yín tó gbé sójú, ọmọ ẹgbẹ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ gba WhatsApp rẹ̀. Òun náà ti ka kóòdù tirẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bó ṣe ń ràn nìyẹn, láti ẹgbẹ́ àjọ dé ẹgbẹ́ ìjọ dé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, nítorí pé inú ẹgbẹ́ ni wọ́n ti ń rí nọ́ńbà tó kàn.

Ẹni tó bá ti kà á, kó má jókòó sunkún. Kó ṣí WhatsApp, kó tẹ nọ́ńbà rẹ̀, kó ní kí wọ́n fi kóòdù tuntun ránṣẹ́ nípa SMS, kó sì tẹ̀ ẹ́. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tán ni olè ń já kúrò níbẹ̀. Ohun méjì ló máa ń dí èèyàn lọ́wọ́. Èkínní, tí olè bá ti bèèrè kóòdù léraléra, WhatsApp lè ní kí ẹ dúró fún wákàtí díẹ̀ kí ẹ tó bèèrè òmíràn. Ẹ dúró. Títẹ̀ ẹ́ ṣáá ló ń mú kí àkókò náà gùn sí i. Ìkejì le jù ú lọ: lẹ́yìn kóòdù, ó lè tún bèèrè PIN tí ẹ ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Olè ló fi PIN yẹn síbẹ̀. Ẹ máa dúró fún ọjọ́ 7 kí ẹ tó lè wọlé láìsí i. Àmọ́ kóòdù SMS tí ẹ ti tẹ̀ ti lé olè jáde, òun náà kò lè lò ó mọ́ ní gbogbo ọjọ́ 7 yẹn.

Láàárín àkókò yìí, ẹ fi ìpè lásán pe àwọn èèyàn yín, kì í ṣe WhatsApp. Kí alábòójútó ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yọ nọ́ńbà yín jáde lójú ẹsẹ̀, kó dá a padà tí gbogbo rẹ̀ bá ti rọlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ti bá èèyàn sọ tẹ́lẹ̀ kò sí lọ́wọ́ olè, orí fóònù yín nìyẹn wà. Ohun tó máa rí ni àwọn ẹgbẹ́ tí ẹ wà, orúkọ àti nọ́ńbà àwọn tó wà níbẹ̀, àti ohun tó bá wọlé lẹ́yìn tó ti gbà á.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Ọjọ́ 7! Ó mà pọ̀ o. Kò sí bí a ṣe lè ṣe é kó má tilẹ̀ dé ibẹ̀?

Atúnfóònùṣe, Manchester

Ó wà. Ẹ fi PIN tiyín síbẹ̀ kí olè tó fi tirẹ̀ sí i. Ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Account, ẹ tẹ Two-step verification, ẹ tẹ Turn on. Ó máa ní kí ẹ mú nọ́ńbà mẹ́fà. Ẹ má mú ọdún ìbí yín, ẹ má mú 123456. Lẹ́yìn náà ó máa bèèrè ímeèlì, ó sì máa fi bọ́tìnì sílẹ̀ láti fò ó. Ẹ má fò ó. Ọjọ́ tí ẹ bá gbàgbé PIN, ímeèlì yẹn ni wọ́n máa fi ṣí i fún yín, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin náà á dúró fún ọjọ́ 7 lẹ́nu ọ̀nà ilé ara yín. WhatsApp á máa bèèrè PIN náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe olè ló ń bèèrè nígbà yẹn, ó ń ràn yín lọ́wọ́ kí ẹ má bàa gbàgbé ni.

Tí PIN bá ti wà níbẹ̀, bí ẹ tilẹ̀ ṣèèṣì ka kóòdù SMS, olè kò lè wọlé lójú ẹsẹ̀ láìsí PIN náà.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Leeds

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Oríṣi kan wà tí wọn kì í gba WhatsApp lọ́wọ́ yín rárá, wọ́n kàn so kọ̀ǹpútà tiwọn mọ́ ọn ni. Wọ́n á ní kí ẹ fi fóònù ya àwòrán onígun-mẹ́rin kan (QR code), tàbí kí ẹ tẹ kóòdù oní-lẹ́tà-àti-nọ́ńbà mẹ́jọ, kí ẹ lè dìbò fún ọmọ ẹnìkan nínú ìdíje. Fóònù yín á ṣì máa ṣiṣẹ́ bó ti ń ṣe, ẹ ò ní fura, wọ́n á sì máa ka gbogbo ohun tó ń wọlé. Èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ lójú tèmi, torí ariwo kankan kò sí níbẹ̀. Ẹ wọ Settings lórí iPhone, tàbí àmì tó-tó-tó mẹ́ta tó wà lókè lórí Android, ẹ tẹ Linked devices. Èyí tí ẹ ò bá mọ̀ níbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tẹ Log out. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹ ṣe ń yẹ ilẹ̀kùn wò kí ẹ tó sùn.

Ẹ tún wọ Settings, ẹ tẹ Privacy, ẹ tẹ Groups, ẹ mú My contacts. Àjèjì kò ní lè dédé jù yín sínú ẹgbẹ́ ìdókòwò tí ẹ ò mọ orí rẹ̀ mọ́.

Atúnfóònùṣe, Manchester

Àǹtí ti sọ ọ́ tán. Voicemail ló kù, ibi tí èèyàn ti ń fi ohùn sílẹ̀ tí ẹ ò bá gbé ìpè, ọ̀pọ̀ kò sì rò ó kan ibẹ̀. Olè lè ní kí WhatsApp fi ìpè ka kóòdù dípò SMS. Ó máa ṣe é lóru nígbà tí ẹ ti sùn. Ẹ ò gbé e, ẹ̀rọ á ka kóòdù náà sínú voicemail. Tí PIN voicemail yín bá ṣì jẹ́ 0000 tàbí 1234, ó lè pe voicemail yín láti ibòmíràn kó gbọ́ ọ. Ẹ yí PIN yẹn padà.

Ẹni tó bá sì ní kí ẹ tẹ nǹkan tó fi ìràwọ̀ 21 bẹ̀rẹ̀, tí nọ́ńbà fóònù tẹ̀ lé e, ó fẹ́ darí ìpè yín sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ni. Ẹ tẹ *#21# láti wò bóyá ìpè yín ń lọ síbòmíràn. ##002# ló ń pa gbogbo ìdarí rẹ́. Àmọ́ ó lè pa voicemail pẹ̀lú, ẹ lè ní láti tún un tàn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ síìmù Nàìjíríà ló ń ká mi lára, torí àwa tó wà lókè òkun gan-an ló kàn. Púpọ̀ nínú wa ló ń lo WhatsApp pẹ̀lú nọ́ńbà +234 nígbà tí síìmù náà wà nínú dúrọ́ọ̀ ní ilé. WhatsApp kò bèèrè pé kí síìmù wà nínú fóònù lẹ́yìn tí ẹ ti wọlé, ìdí nìyẹn tí a fi ń gbàgbé. Ṣùgbọ́n òfin NCC, àjọ tó ń bójú tó ilé-iṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà, ni pé tí nọ́ńbà kò bá ṣe ohun tó mú owó wọlé fún ilé-iṣẹ́ fóònù fún oṣù 6, wọ́n lè dá a dúró. Tí oṣù 6 mìíràn bá tún kọjá, ẹ lè pàdánù rẹ̀ pátápátá, wọ́n á sì tà á fún ẹlòmíràn.

Ẹni tó bá rà á kò jalè. Ó kàn fẹ́ fi síìmù tuntun rẹ̀ ṣí WhatsApp ni. Kóòdù á wá sọ́dọ̀ rẹ̀, kì í ṣe sọ́dọ̀ yín. Ti báǹkì ló tún wá burú jù, torí nọ́ńbà yẹn ni OTP, kóòdù ìgbà kan ti báǹkì yín, ń lọ bá, òun náà ló wà lára BVN yín, nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín ní báǹkì.

Ọ̀nà méjì ló wà. Tí ẹ bá fẹ́ pa nọ́ńbà náà mọ́, ẹ ra káàdì ìpè sí i, ẹ fi síìmù náà sínú fóònù, kí ẹ fi pe èèyàn tàbí kí ẹ fi SMS kan ránṣẹ́. Ẹ má dúró títí oṣù 6 fi pé. Pé owó wà lórí rẹ̀ nìkan kò tó, ẹ lò ó. Tí ẹ ò bá fẹ́ ẹ mọ́, ẹ kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀ kó tó kúrò lọ́wọ́ yín: Settings, Account, Change number. Ẹ tẹ nọ́ńbà àtijọ́, ẹ tẹ tuntun, àwọn ẹgbẹ́ àti ọ̀rọ̀ yín á bá yín lọ. Lẹ́yìn náà kí ẹ kàn sí báǹkì kí wọ́n yí nọ́ńbà padà, kí ẹ tó ju síìmù nù. Ẹ má fi ẹsẹ̀ ìkejì ṣáájú èkínní.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Èmi kò mọ èyí rárá. Ímeèlì ńkọ́? Ẹ ní kí á fi ímeèlì dá PIN padà. Tí wọ́n bá wá gba ímeèlì ọ̀hún?

Atúnfóònùṣe, Manchester

Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú nìyẹn, mọ̀mí. Ímeèlì ni ìdí igi, torí òun ni gbogbo yòókù fi ń tún páswọ́ọ̀dù ṣe. Kí páswọ́ọ̀dù rẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo ibi yòókù. NCSC, àjọ ìjọba níbí ní UK tó ń rí sí ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì, dámọ̀ràn ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kò bá ara wọn tan. Yorùbá dára fún un. Bí àpẹẹrẹ, igbale-okete-bata. Èyí ti di ti gbogbo ayé báyìí, ẹ wá tiyín. Orúkọ àwọn ọmọ kò ṣeé lò, oríkì tí ẹ ti kọ sórí Facebook kò ṣeé lò.

Ẹ má fi àmì sí i o, ẹ má sì lo ọ, ẹ, ṣ nínú páswọ́ọ̀dù. Lẹ́tà ọ́ tí fóònù kan kọ lè jẹ́ ẹyọ lẹ́tà kan pẹ̀lú àmì òkè tí wọ́n fi kún un, tí kíbọ́ọ̀dù mìíràn á to o lásán, àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè pọ̀. Ojú yín á rí wọn bákan náà, ẹ̀rọ lè ní kì í ṣe ọ̀kan náà, á sì tì yín síta. Ẹ tún lè dé ìdí kọ̀ǹpútà láìbìírárì tí kò ní ọ rárá.

Lẹ́yìn náà kí ẹ tan 2-Step Verification lórí Google. Ẹ lo authenticator, áàpù tó ń ṣe kóòdù lórí fóònù yín fúnra rẹ̀, dípò SMS tí ẹ bá lè ṣe é, torí ẹni tó bá gba síìmù yín gba SMS yín náà. Google á fún yín ní kóòdù ìpamọ́ 10, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nọ́ńbà mẹ́jọ, ìgbà kan péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ẹ fi sínú fáìlì tí páàsípọ́ọ̀tù wà. Ẹ má ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù tó lè sọnù.

Tí ẹ bá fura pé ẹnìkan ti wọ Gmail yín rí, yíyí páswọ́ọ̀dù nìkan kò tó. Ẹ lọ sórí kọ̀ǹpútà, ẹ wo Settings, ẹ wo Filters àti Forwarding. Olè tó gbọ́n máa ń fi ìlànà kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí yóò máa darí lẹ́tà báǹkì yín sọ́dọ̀ rẹ̀ láìjẹ́ kí ẹ rí i. Ẹ pa á rẹ́.

Àbúrò Kékeré, Leeds

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ti láàptọ́ọ̀pù ńkọ́? Ojú ẹ̀rọ á dédé pupa, á máa pariwo, á ní kí á pe nọ́ńbà Microsoft.

Atúnfóònùṣe, Manchester

Àbúrò, Microsoft kì í kọ nọ́ńbà ìpè sójú irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì lásán ni, kò tíì wọnú ẹ̀rọ. Tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, mú Chrome tàbí Edge, tẹ End task. Nígbà tó o bá tún ṣí i, tó bèèrè bóyá kó dá àwọn ojú ìwé padà, sọ pé rárá. Tó o bá ti pè wọ́n, tí wọ́n sì ti ní kó o fi AnyDesk tàbí TeamViewer, tó ń jẹ́ kí ẹlòmíràn darí ẹ̀rọ rẹ láti òkèèrè, sórí rẹ̀, pa Wi-Fi, fi fóònù mìíràn pe báǹkì, kí o tó yọ ọ́ kúrò. Tó bá jẹ́ Windows 10 ló ṣì wà lórí ẹ̀rọ rẹ, Microsoft ti dáwọ́ ìtúnṣe ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, àfi ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún ESU, ètò àfikún ìtúnṣe ààbò wọn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Leeds

Tí owó bá ti jáde níbí ní UK, ẹ tẹ 159, á so ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tó ń lò ó pọ̀ mọ́ báǹkì wọn. Láti ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, owó tí wọ́n fi jìbìtì mú yín san láti àkáǹtì UK kan sí òmíràn, báǹkì gbọ́dọ̀ dá a padà tó £85,000, àmọ́ wọ́n lè yọ £100 nínú rẹ̀, ó sì ní àwọn ipò tí wọ́n lè kọ̀. Ẹ fojú sí ibi tó ta kókó: kò kan owó tí ẹ fi ránṣẹ́ sí Nàìjíríà. Ìdí nìyẹn tí atẹ̀jíṣẹ́ “ẹ bá mi fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ilé yìí” fi léwu fún wa ju fún aládùúgbò wa lọ. Ẹ pe ẹni náà ní ìpè lásán, ẹ bi í ní ohun tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, irú oúnjẹ tí ìyá àgbà kì í jẹ. Ohùn nìkan kò tó mọ́, ẹ̀rọ ti ń sín ohùn èèyàn jẹ báyìí.

SMS jìbìtì, ẹ fi ránṣẹ́ sí 7726, ọ̀fẹ́ ni. Ó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà náà. Ímeèlì jìbìtì ní UK, report@phishing.gov.uk.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Mo ti fi PIN sí i, mo ti fi ímeèlì sí i. Linked devices, kọ̀ǹpútà àwọn ìbejì nìkan ló wà níbẹ̀. Voicemail ló kù, ó ṣì wà ní 1234. Mo ń pe ilé-iṣẹ́ fóònù lọ.