Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí eré pásítọ̀ àti akọ̀wé káńsù
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ eré kékeré kan fáwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa, pásítọ̀ kan fẹ́ gba pámíìtì ní káńsù kó tó lè tún òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ṣe. Fọ́ọ̀mù bèèrè pé ta ló ni ilé, pásítọ̀ kọ "Olúwa" síbẹ̀, akọ̀wé wá ní kò burú, kí Olúwa wá fọwọ́ sí i fúnra ẹ̀, kó mú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjì dání. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn gan-an torí kò sẹ́ni tó parọ́ nínú àwọn méjèèjì. Àmọ́ kí ló kàn? Tí mo bá ní kí akọ̀wé gba rìbá, ẹ̀rín á di ìbínú, tí pásítọ̀ bá sì gọ̀ jù, á dà bí ẹni pé mò ń fi ìránṣẹ́ Ọlọ́run ṣẹ̀sín, mi ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ eré aláwàdà rí, ṣé kí fọ́ọ̀mù kan ṣáà máa bí òmíràn ni, àbí kí akọ̀wé wá yẹ òrùlé wò lọ́jọ́ ìsìn, kí òjò pa á láàárín ìjọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí i.