Ọ̀rọ̀ wo ló bá “opportunity” dún pọ̀? Ráìmù fún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gùn

Adékọrin:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà ewì àti orin. Ègbè orin kan ni mo ń kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, “opportunity” ló sì parí ìlà kejì. Gbogbo ohun tí mo rí kò kọjá “community” àti “unity”, wọ́n sì ti lo méjèèjì gbó nínú orin. Mo ti gbé “ability”, “charity” àti “security” síbẹ̀, àmọ́ etí kò gbà wọ́n. Kí ló dé tí “ability” kò bá a mu, nígbà tó jẹ́ pé lẹ́tà mẹ́ta kan náà ló parí wọn? Báwo lẹ ṣe ń wá èyí tó bá ọ̀rọ̀ gígùn dún gan-an, àti èyí tó kàn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dún? Ìbàdàn ni ẹni tó máa kọ orin náà dàgbà sí, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an ló ṣe máa kọ ọ́.

TíṣàFonẹ́tíìkì:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má wo lẹ́tà, ohùn ni kí ẹ gbọ́. Inú sílébù tí ẹnu tẹ̀ jù lọ ni ráìmù Gẹ̀ẹ́sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀, láti orí fáwẹ́lì rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ dọ́gba láti ibẹ̀ títí dé ìparí. Sílébù márùn-ún ló wà nínú “opportunity”: op-por-tu-ni-ty. Ẹ̀kẹta, “tu”, ni ẹnu ń tẹ̀. Nítorí náà “-unity” lẹ ń wá, sílébù mẹ́ta gbáko, kì í ṣe “-ity”. “Bil” ni “ability” ń tẹ̀, “char” ni “charity” ń tẹ̀. Ìrù wọn jọra, àmọ́ fáwẹ́lì tí etí ń dúró dè kò jọra rárá.

Ẹ lè mọ ibi tí ẹnu ti ń tẹ ọ̀rọ̀ tó ní irú ìparí yìí láìṣí ìwé lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí “-ity” bá parí, sílébù tó ṣáájú “-ity” gan-an ni ẹnu ń tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni “-tion”: “bra” ni ti “celebration”, ìdí nìyẹn tí “nation” àti “station” fi bá a dún tí “question” kò sì bá a dún.

Àwọn tó bá “opportunity” dún gan-an kò pọ̀: “unity”, “disunity”, “community”, “immunity”, “impunity”. Ẹ máa rí “importunity” náà nínú ìwé atúmọ̀ èdè, ṣùgbọ́n ẹ fi í sílẹ̀. Kọ́ńsónáǹtì tó ṣáájú fáwẹ́lì náà gbọ́dọ̀ yàtọ̀, “t” ló sì wà níwájú nínú méjèèjì, nítorí náà ṣe ló máa dà bí ẹni tó tún ọ̀rọ̀ kan náà pè. Ẹ̀bi kan náà ló wà nínú kí a fi “community” àti “immunity” ṣe ìkejì ara wọn: “mu” ni méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀ ráìmù wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dára pẹ̀lú “opportunity”, àmọ́ ẹ má fi wọ́n sí ìlà tó tẹ̀ lé ara.

Ọmọ_Kọ̀ǹpútà:
Tíṣà ti là á mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà wá a kún un.

CMUdict ni ìwé atúmọ̀ ìpè tí Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà ṣe, ọ̀fẹ́ ni, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì lé ní 130,000. Bí wọ́n ṣe kọ ìpè “opportunity” síbẹ̀ nìyí: AA2 P ER0 T UW1 N AH0 T IY0. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn fáwẹ́lì ló ń sọ bí ẹnu ṣe tẹ̀ ẹ́: 1 ni èyí tí ẹnu tẹ̀ jù, 2 ni èyí tó tẹ̀ lé e, 0 ni èyí tí kò tẹ̀ rárá. Ẹ mú un láti orí 1 dé òpin, kí ẹ fi grep, àṣẹ kọ̀ǹpútà tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, wá a nínú fáìlì náà (àmì $ túmọ̀ sí òpin ìlà):

grep "UW1 N AH0 T IY0$" cmudict.dict

Ìyẹn máa kó púpọ̀ nínú àwọn tí Tíṣà dárúkọ jáde. Fún àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dún, ẹ di fáwẹ́lì mú, kí ẹ tú kọ́ńsónáǹtì sílẹ̀:

grep -E "UW1 [A-Z]+ (AH0|IH0) [A-Z]+ IY0$" cmudict.dict

Níbẹ̀ lẹ ti máa rí “scrutiny”, “mutiny” àti “lunacy”. Ẹ wo “scrutiny” dáadáa: “t” àti “n” inú rẹ̀ kàn pààrọ̀ ipò ni, etí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ bí orin bá yára. Agbo kejì ni àwọn tó pàdánù “n” nìkan: “continuity”, “ingenuity”, “ambiguity”, “gratuity”. Àṣẹ òkè yẹn kò ní kó wọn, nítorí kò sí kọ́ńsónáǹtì láàárín fáwẹ́lì méjì àkọ́kọ́ nínú ráìmù wọn. “UW1 (AH0|IH0) T IY0$” lẹ máa fi wá wọn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn yọ fáwẹ́lì tó ní nọ́ńbà 1 kúrò. Tí ẹ bá kàn wá “T IY0$”, ìdọ̀tí rẹpẹtẹ ló máa jáde, “city”, “party”, “duty”, gbogbo rẹ̀.

Ẹni tí kò fẹ́ fọwọ́ kan fáìlì lè lo ìkànnì RhymeZone, kó sì yan “near rhymes” níbẹ̀. Ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà lè bi Datamuse, iṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń bá ètò wá ọ̀rọ̀: rel_rhy fún ráìmù gidi, rel_nry fún èyí tó súnmọ́ ọn.

Akéwì_Òkèbàdàn:
Gbogbo èyí dára, àmọ́ ìpè Amẹ́ríkà ni CMUdict ń kọ. Ẹnu ọmọ Ìbàdàn ló sì máa gbé orin yìí jáde, ẹnu yẹn sì ni kí ẹ fi wọn ọ̀rọ̀.

Ní Gẹ̀ẹ́sì àwọn tó ni èdè náà, fáwẹ́lì tí ẹnu kò tẹ̀ sábà máa ń rọ títí púpọ̀ nínú wọn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dún bákan náà. Ẹnu tiwa kì í sábà rọ̀ ọ́, ohun tí lẹ́tà bá sọ là ń pè. Kọ̀ǹpútà sọ pé ibi kan ṣoṣo, “s” dípò “t”, ni “lunacy” ti yàtọ̀ sí “opportunity”. Lẹ́nu wa, “a” ló wà láàárín “lúnásì”, “i” ló wà láàárín “túnítì”, nítorí náà ó ti jìnnà. “Scrutiny” tó di “skrútínì” ló wá súnmọ́ ọn jù.

Ẹ tún “security” yẹn gbọ́. Bí akọrin yín bá ń pè é bíi “sìkiọ́rítì”, òótọ́ ni etí yín sọ, ẹ jù ú nù. Bó bá jẹ́ “sẹ̀kúrítì” ló ń pè, “r” àti “n” nìkan ló yà wọ́n, ó sì wúlò gan-an. Ẹ ní kó pè é sínú fóònù kí ẹ tó pinnu. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún “testimony” náà, tó pọ̀ nínú orin ìyìn: ẹnu tiwa àti ti Amẹ́ríkà ń pe “mo” rẹ̀ ketekete, ó sì lè bá “pony” lọ. Lẹ́nu ọmọ wa tó dàgbà ní London, “mo” yẹn sábà máa ń rọ, ráìmù náà á sì bà jẹ́.

Ọ̀nà mìíràn tí mo fẹ́ràn jù ni kí ẹ fi ọ̀rọ̀ kéékèèké mẹ́ta bá ọ̀rọ̀ gígùn kan dún. “You and me” bá “-unity” lọ dáadáa. “New to me” àti “soon you'll see” náà súnmọ́ ọn. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ibi tí ìlù ti ń balẹ̀: orí “you” ni kó ti balẹ̀, kì í ṣe orí “me”. Bí akọrin bá gbé gbogbo agbára lé “me”, ráìmù sílébù kan ṣoṣo ló kù.

Adékọrin:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. “Sìkiọ́rítì” ló ń pè é lóòótọ́. Ẹ bá mi wo èyí:

Open the gate to the whole community,
Nobody's child should beg for opportunity.

TíṣàFonẹ́tíìkì:
Ráìmù yín pé. Ìrìn ẹsẹ̀ ni kò dọ́gba. Ní ìlà kìn-ín-ní, sílébù kan péré ló wà láàárín “whole” àti “mu”. Ní ìlà kejì, mẹ́ta ló wà láàárín “beg” àti “tu”: “for”, “op”, “por”. Akọrin á fà á níbì kan, á sáré níbì kejì, ọ̀rọ̀ gígùn yẹn ló sì máa jìyà rẹ̀. Ẹ fi sílébù méjì méjì sí àárín àwọn ibi tí ìlù ti ń balẹ̀:

Open the gate for a bigger community,
Nobody's child is denied opportunity.

Méjìlá ni sílébù ìlà kọ̀ọ̀kan báyìí, ìlù sì balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin: “o”, “gate”, “big”, “mu”, “no”, “child”, “nied”, “tu”.

Akéwì_Òkèbàdàn:
Ó ti dùn báyìí. Ẹ fi “opportunity” sílẹ̀ ní ìlà kejì bó ṣe wà yẹn. Ọ̀rọ̀ tí ẹ wá nítorí ráìmù ni kó ṣáájú, kí èyí tí ẹ ní lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ tẹ̀ lé e, etí kò ní fura pé ẹ wá a. Bí ẹ bá sì fẹ́ ẹsẹ̀ kejì tí kò ní “community” nínú, ẹ gbé “opportunity” sí àárín ìlà, kí ẹ fi “chance” parí rẹ̀. “Dance”, “glance” àti “advance” ń dúró dè yín níbẹ̀.