Ọgbà òjò tí mo gbẹ́ ti di ilé ẹ̀fọn, ẹ gbà mí o

ÌyáÌbejì_Bowie:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ojúmọ́ o. Bowie ní Maryland níbí ni mò ń gbé. Omi òrùlé ẹ̀yìn ilé wa, ẹnu páìpù kan ṣoṣo ló ń gbà jáde, tójò bá ti rọ̀ báyìí á gba orí koríko kọjá, á lọ dágún sí igun kan lẹ́bàá fẹ́ǹsì, ibẹ̀ ò sì ní gbẹ bọ̀rọ̀. Sísítà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ní kí n ṣe rain garden, pé kí n gbẹ́ ilẹ̀, kí n gbin òdòdó tó gbádùn omi, omi á máa wọlẹ̀ níbẹ̀ dípò kó máa dà mí láàmú. Lèmi àti ọkọ mi bá mú ṣọ́bìrì, igun yẹn náà la gbẹ́, ó jìn dé orúnkún mi dáadáa. Òjò Mọ́ńdè rọ̀, òní Fráídè omi ṣì wà níbẹ̀, mulch tá a rà, igi wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń bo ilẹ̀ ọgbà, ti léfòó bíi gúgúrú, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo inú ẹ̀ láàárọ̀ yìí, tanwíjí ló ń jó kiri. Ọkọ mi ò sọ nǹkan kan o, ó kàn ń wò mí ni. Kí ni mo ṣe tí ò dáa?

BàbáOlóko_PG:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú wàhálà. Ibi tẹ́ ẹ gbẹ́ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ibi tómi ti máa ń dúró tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ ti ń sọ fún yín tipẹ́ pé òun ò lè mumi mọ́, ẹ tún wá gbẹ́ kòtò fún un. Adágún lẹ gbẹ́ yẹn. Àárín ẹnu páìpù àti igun yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ gbẹ́, kẹ́ ẹ pàdé omi lọ́nà kó tó débẹ̀, kó sì jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé tó ẹsẹ̀ bàtà 10.

Ẹ kọ́kọ́ pe 811 kí wọ́n wá sàmì síbi tí wáyà àti páìpù gáàsì gbà, ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ẹ gbẹ́ ihò kékeré tó jìn ní ínṣì 12, ẹ bomi kún un, kó mu ún tán, ẹ tún bomi kún un lẹ́ẹ̀kejì, ìyẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fi rúlà wọ̀n, torí ilẹ̀ gbígbẹ máa ń mumi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀, ti àkọ́kọ́ á tàn yín. Tó bá ń lọ sílẹ̀ tó ìdajì ínṣì ní wákàtí kan, ẹ máa báṣẹ́ lọ. Èmi gbẹ́ ihò mẹ́ta kí n tó ríbi tó dáa, amọ̀ ló kún àgbàlá mi.

Kó jìn dé orúnkún ti pọ̀ jù, ínṣì 6 tó. Tí òrùlé tó ń da omi sí páìpù yẹn bá tó 500 square feet, òjò ínṣì kan á fún yín lómi tó lé ní 300 gálọ́ọ̀nù, ọgbà 100 square feet tó jìn ní ínṣì 6 á gbà á. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ o. Iyẹ̀pẹ̀ tẹ́ ẹ bá wà jáde, ẹ fi mọ ebè sí apá ìsàlẹ̀, ẹ wá fi òkúta ṣe ojú kan tí àpọ̀jù omi á gbà jáde, kó má yà sílé aládùúgbò. Ọjọ́ kan sí méjì lomi gbọ́dọ̀ fi tán, ẹyin ẹ̀fọn ò lè dàgbà láàárín ìyẹn.

Ẹ má sì jẹ́ kó sú yín, kańtì wa níbí, Prince George's, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ọgbà òjò ní 1990, ní ẹ̀sítéètì kan tó ń jẹ́ Somerset, dípò adágún ńlá kan fún gbogbo ẹ̀sítéètì, ilé kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀.

Sísí_Baltimore:
Mulch wẹ́wẹ́ yẹn ló ń léfòó àǹtí, ẹ ra shredded hardwood, tí wọ́n fà ya bí okùn, òun máa ń dira ẹ̀ mú. Ní ti òdòdó, ẹ gbin swamp milkweed àti blue flag iris sí àárín, black-eyed Susan sí etí tó máa ń gbẹ. Ọdún àkọ́kọ́ ẹ ṣì máa bomi rin ín (mo mọ̀, ọgbà òjò tá à ń bomi rin!), èpò á sì fojú yín rí nǹkan fọ́dún méjì. Ẹ máa kó yanrìn àti ewé kúrò lẹ́nu ibi tómi ń gbà wọlé. Èmi ò kó tèmi fún ọdún kan, yanrìn dí i pa, omi bá yà sí gáréèjì.

ỌmọÌbàdàn:
Ẹ̀yin ará òkè òkun, ṣé èyí lè ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn? Òjò tiwa kì í ṣe jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

BàbáOlóko_PG:
Àbúrò, omi òrùlé tìẹ ló máa gbà, kì í ṣe ti odò Ògùnpa. Ẹni tó bá rántí omíyalé 1980 àti ti August 2011 n'Íbàdàn mọ̀ pé kòtò àgbàlá ò lè dúró de irú omi yẹn. Gbẹ́ tìẹ kó fẹ̀ ju tiwa lọ, kó jìnnà sí soakaway àti kànga, kókò á ṣe dáadáa ní àárín ẹ̀. Kó o sì dín interlock kù, ibo lo fẹ́ kómi gbà wọlẹ̀?

ÌyáÌbejì_Bowie:
Mo ti dán ihò wò lókè lọ́hùn-ún, ó lọ sílẹ̀ ju ínṣì kan lọ ní wákàtí kan! Kòtò àtijọ́ ńkọ́, kí n fi sílẹ̀ títí dìgbà tá a bá gbẹ́ tuntun ni?

BàbáOlóko_PG:
Ẹ dí i lónìí. Tanwíjí yẹn ti fẹ́ yọ ìyẹ́.