Àtẹ̀ kọ́, àtẹ́ kọ́: pátákó afèsì ni

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín o. Láti Mọ́ńdè ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ lórí orúkọ Yorùbá tó yẹ ká pe SMART Board kíláàsì wa, mo ní mi ò ní dá sí i, àmọ́ nígbà tí bọ̀dá wa tó ṣe ìwé ìléwọ́ yẹn wá ní àmì ohùn ò pọn dandan, pé á yé àwọn tíṣà, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo wà ńbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Èmi ni mo he bírò nílẹ̀.

Kíláàsì Yorùbá tí à ń ṣe fún àwọn ọmọ wa ní Peckham, ní London, ló rí SMART Board àlòkù gbà, pátákó ara ògiri tó so mọ́ kọ̀ǹpútà, tí à ń fọwọ́ kàn ṣiṣẹ́, bọ̀dá wa wá tẹ ojú ìwé mẹ́rin láti fi kọ́ àwa tíṣà bá a ṣe ń lo Notebook, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, mo dúpẹ́. Ó pe nǹkan náà ní "pátákó àtẹ̀" torí pé à ń tẹ̀ ẹ́. Ohun tó wà nínú ìwé ṣá ni: "E fi ika te ate leemeji." Àǹtí wa àgbà, tó ti fi chalk kọ́ ọmọ ní Ìjẹ̀bú fún ọdún gbọọrọ kó tó wá síbí, kà á, ó wo iwájú, ó rí àtẹ. Àtẹ gidi, èyí tí wọ́n to bírò mẹ́rin àti dọ́sítà sí. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bírò pupa já bọ́. Ẹ sì mọ̀ pé àtẹ yẹn lójú, tí bírò pupa bá ti kúrò láyè ẹ̀, pátákó á gbà pé pupa lẹ mú lọ́wọ́, ìka lásán ò sì jẹ́ ìka mọ́. Gbogbo ibi tí àǹtí fọwọ́ kàn ló ń pọ́n, wọ́n ń pariwo pé àwọn ò mú bírò kankan o, títí mo fi dá a padà sáyè ẹ̀.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ká tiẹ̀ ní ó fi àmì sí i, "tẹ̀" yẹn á ṣáà bọ́ ohùn ìsàlẹ̀ sílẹ̀ tó bá kan ọ̀rọ̀ orúkọ, "tẹ àtẹ̀" la ó kọ, ojú tó ń yára á tún kà á sí àtẹ. Tí ẹlòmíì bá wá kà á sí àtẹ́ ńkọ́, ọbẹ̀ tí ò níyọ̀? A ti bá àwọn tó fẹ́ bẹnu àtẹ́ lu kíláàsì wa kọ ọ́ sára ògiri nìyẹn.

Ẹni tó ní ká gbé à- sókè kó di "atẹ̀" ló tún burú jù. Akọ̀wé ló ń kọ̀wé, apẹja ló ń pẹja, pátákó atẹ̀ á wá jẹ́ pátákó tó ń tẹ èèyàn. "Pátákó ìbánisọ̀rọ̀" tí dókítà wa ní Amẹ́ríkà mú wá ńkọ́? Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, fóònù ni. Ìyá ẹnì kan á lọ fi etí lé ògiri. Kó má sì fi ìwé èdè-ìperí, àkójọ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ lédè Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bámgbóṣé àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbé jáde ní 1984 dẹ́rù bà wá, 1991 ni SMART Board àkọ́kọ́ jáde ní Kánádà, níbo ló fẹ́ ti rí i nínú ìwé yẹn?

Nílé bàbá àgbà mi n'Íbàdàn, àpótí Rediffusion, rédíò onówáyà ayé àtijọ́, wà lára ògiri. Tó bá ní "ẹ káalẹ́ o", ìyá àgbà á ní "ẹ káalẹ́, ilé ńkọ́?" Kẹ́kẹ́! Asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n ń pè é, ẹ ò sì rí orúkọ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pátákó tiwa yìí, ẹ wọ́ àwòrán ewúrẹ́, ewúrẹ́ á tẹ̀ lé yín. Ó ń dáni lóhùn. Pátákó afèsì, a- olóhùn àárín, torí òun fúnra ẹ̀ ló ń ṣe é. Bọ̀dá wa ní kọ̀ǹpútà ló ń fèsì, pé pátákó kàn ń jíṣẹ́ ibi tí ọwọ́ wà ni. Ta wá ló ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò, ṣé àpótí ni?

"Aṣọ ìkélé" tí bọ̀dá wa pe Screen Shade, èyí tí à ń fi bo ojú pátákó, dùn mọ́ mi gan-an ní tèmi. Ṣùgbọ́n Infinite Cloner, èyí tó ń jẹ́ ká fa ẹ̀dà àwòrán kan jáde láìlópin, ní "ìbejì àìlópin"? Ìbejì, méjì ni! Lẹ́yìn Kẹ́hìndé, Ìdòwú ni, lẹ́yìn Ìdòwú, Àlàbá. Ẹni tó sì dábàá "àbíkú", kó lọ ronú ara ẹ̀, kì í ṣe gbogbo nǹkan là ń fi ṣeré. Èmi á ní àbùùbùtán bíi ti omi òkun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má wá bi mí bóyá ù kan ni àbí méjì.

Bọ̀dá wa, ẹ fi fáìlì yẹn ránṣẹ́, Word o, kì í ṣe PDF. Màá fi àmì sí i kó tó di Sátidé. Ẹni tó ní àwa Ìbàdàn ò mọ ohùn, màá dá a lóhùn lọ́tọ̀.