"Gbódó" gbà, "sebẹ̀" kọ̀: kí ni kí n ṣe sí tábìlì OT mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Òṣogbo ni mo wà. Mo ń kọ iṣẹ́ másítà lórí ìpajẹ fáwẹ̀lì, Optimality Theory (OT) tí Prince àti Smolensky gbé jáde ní 1993 ni mo fẹ́ lò: ó ń to òfin sípò nínú tábìlì láti mọ èsì tó borí. Òfin rẹ̀ ṣeé rú, ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀.

"Pa ẹja" di "pẹja"; "gbé odó" di "gbódó", ohùn òkè "gbé" kò sì sọnù, orí /o/ ló gùn. Mo gbé òfin tó kọ̀ kí fáwẹ̀lì méjì forí kora lékè MAX (òfin tó ní kí a má pa ìró kankan jẹ), mo sì fi òfin kan dáàbò bo ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ. "Wọlé" àti "gúnyán" kò ni mí lára: /i/ ló rọ jù, òun ló ń lọ.

"Se ọbẹ̀" ló dá wàhálà sílẹ̀. Tábìlì mi ní "sọbẹ̀" ló borí, àmọ́ "sebẹ̀" làwọn ìyá olóúnjẹ ọjà Ìgbọ̀nà ń wí, èmi náà ń wí i! Mo yí ipò òfin padà, mo fi èyí tó ń dáàbò bo fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-ìṣe lékè ti ọ̀rọ̀-orúkọ, "sebẹ̀" bọ́ sí i, ni "gbódó" bá di "gbédó".

Ìbéèrè mi: ṣé kí n fi òfin méjèèjì sí ipò kan náà kí èsì méjì lè jáde, àbí kí n ya "sebẹ̀" sọ́tọ̀ bí àkànpọ̀ tó ti dì, tí a kọ́ lódindi láìlo òfin? Èyí tó kẹ́yìn yìí jọ ìsáǹsá lójú mi.

Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.