Ta ló rán mi níṣẹ́? Ọ̀rọ̀ fáìlì aláìsàn nílé ìwòsàn wa

Akọ̀wé_Fáìlì (Iléṣà)
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìwòsàn ìjọba kan níbí ni mo wà, èmi ni mo ń wá fáìlì jáde fáwọn aláìsàn. Inú páálí la tò wọ́n sí. Ẹni tó bá ti sọ nọ́ńbà rẹ̀ nù, tuntun la máa ṣí fún un. Lóṣù tó kọjá, fáìlì mẹ́rin ni mo bá fún aboyún kan ṣoṣo. Èyí tí wọ́n kọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, eku ti jẹ etí rẹ̀.

Mo fowó ara mi ra téèpù: pupa fún àwọn ará àdúgbò Ìsọ̀kùn, àwọ̀ ewé fún Òkèsà, búlúù fún Bọ́lọ́rundúró. Mo wá kọ orúkọ gbogbo àwọn aláìsàn sínú ìwé ńlá kan. Ọ̀gá rí i, wọ́n ní, "Ta ló rán ẹ níṣẹ́?" Wọ́n ní kí n ṣí i kúrò. Mi ò tíì ṣí i. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Nọ́ọ̀sì
Ọmọ mi, má ṣí i. Ìtòsí ẹ níbẹ̀ ni irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild, Iléṣà, dá kílíníìkì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Káàdì ìwọ̀n ọmọ, ọwọ́ ìyá ló fi sí, nínú ọ̀rá, kí ó máa gbé e relé. Bí ilà tó wà lórí káàdì náà bá ti ń gòkè, ìyá tí kò kàwé mọ̀ pé ara ọmọ ń le. Bó bá wálẹ̀, á tètè wá. Káàdì yẹn rìn jìnnà kọjá Nàìjíríà.

Ọmọ_Òṣómàáló
Ẹ jẹ́ n sọ ti ọ̀gá. Ẹni tó ń bèèrè ta ló rán yín, ìwé ló ń wá, torí ọ̀dítọ̀ lè bi òun náà. Ẹ kọ mẹ́mò ojú ewé kan, kẹ́ ẹ pè é ní ìdánwò ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, ẹ ka ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ fi wá ogún fáìlì tó ní téèpù, àti ogún tí kò ní. Iye méjèèjì ni kẹ́ ẹ fi ṣáájú. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ padà lọ. Àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ láwìn, ṣe ni wọ́n ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde.

Akọ̀wé_Fáìlì
Ẹ ṣé gan-an. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ aboyún wa, fóònù mi ni n ó fi ka ìṣẹ́jú. Ìyá, ọ̀rá tẹ́ ẹ wí yẹn, ṣé ẹnu rẹ̀ máa ń dé, àbí wọ́n kàn ń ká a? Mo fẹ́ ra díẹ̀.